Orúkọ Tí Mo Fi Ti Ẹ̀rọ Ìwọ̀n Pa

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, bí ojú yín bá ṣì wà lọ́nà mi. Mo kí Bàbá lórí ẹní àdúrà wọn. Mo kí Ìyá Àgbà, ìyálé yín, lórí ìdọ̀bálẹ̀, bí wọn ò tilẹ̀ ní fẹ́ gbọ́ orúkọ mi. Mo kí Sẹ̀kínátù àbúrò mi, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Sẹ̀kínátù, má fo ibì kankan o. Bí Ìyá bá ń sunkún, dúró kí wọ́n sunkún tán, kí o tún máa kà á lọ.

Mo gbé lẹ́tà yìí síta kí gbogbo ayé lè kà á, nítorí pé ẹ kì í gbé fóònù mi mọ́, mo sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní Ṣakí. Wọ́n ní ọmọ ìyàwó kékeré ti ọmọ ìyálé sí kòtò ní Ìlọrin. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rán mi. Ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀ mí títí kí n tó wá iṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa èmi fúnra mi lọ.

Mi ò tíì ṣàlàyé iṣẹ́ mi rí kó yé yín. Ilé iṣẹ́ wa ń ṣe irin roboto tí búréèkì kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù máa ń há mọ́ nínú kí kẹ̀kẹ́ tó dúró. Bí inú irin yẹn bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, búréèkì ò ní kàn án dáadáa. Awakọ̀ á máa tẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ á máa lọ. Àwọn onímáṣíìnì ló ń fá irin náà, wọ́n á wá gbé e sórí ẹ̀rọ ìwọ̀n. Bó bá dára, iná aláwọ̀ ewé á tàn. Bí kò bá dára, iná pupa. Èmi ni mo kọ ètò tí ẹ̀rọ ìwọ̀n ń tẹ̀ lé, ìyẹn bí irin ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó àti ibi tí àṣìṣe lè mọ. Ẹni tó fá irin kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ètò náà. Ta ló ń jẹ́ kí ọmọ ilé ìwé máa máàkì iṣẹ́ ara rẹ̀?

Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, gbogbo wọn ló ń fọwọ́ kàn án. Bí iná pupa bá ti ń tàn jù, ẹnì kan á lọ sún òǹkà díẹ̀, iná á di aláwọ̀ ewé, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Máníjà wa, ọmọ Ìlọrin gidi tí kì í pariwo, ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. Mo bá fi pásíwọ́ọ̀dù tì í, ọ̀rọ̀ àṣírí téèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ètò tó ṣí. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ mi tàbí orúkọ ìlú mi.

Ọyẹ́ mú gan-an lásìkò yẹn. Mo jókòó sínú yàrá tí mo háyà lọ́dọ̀ Àlùfáà kan lẹ́bàá ọjà Ìpàtà, ètè mi ti là, àwọn ọmọ kéwú ń ké lójúde, kò sì sí ẹnì kan nínú ìlú yìí tó mọ ìyá tó bí mi. Mo wá rántí bí ẹ ṣe máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi Gàníyù, ọmọ Ìyá Àgbà. Wọ́n ti bí wọn kí ẹ tó wọlé Bàbá, ìyàwó kì í sì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Ẹ bá sọ wọ́n ní Agùntáṣọọ́lò, torí ẹsẹ̀ wọn tó gùn láti kékeré. Bí ẹ bá ti pe orúkọ yẹn láti ẹ̀yìnkùlé, gbogbo wa la mọ̀ pé oúnjẹ ti jinná. Mo fi Agùntáṣọọ́lò ti ẹ̀rọ ìwọ̀n pa. Ta ni yóò mọ̀ ọ́n ní Ìlọrin? Mo rò pé mo gbọ́n.

Lẹ́yìn náà lẹ ní kí n mú ẹ̀gbọ́n mi wọṣẹ́. Ẹ ní bí mo bá ṣe é, àlàáfíà á wà láàárín ẹ̀yin àti ìyálé yín. Ó sì wà lóòótọ́. Ẹ̀yin lẹ fi ẹnu ara yín sọ fún mi pé Ìyá Àgbà bu ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ẹ̀gbọ́n mi mọ iṣẹ́, wọ́n tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń fá irin. A jọ ń gbé inú yàrá kan. Wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀bà tí mò ń tẹ̀ le bí òkúta. Ìgbà yẹn nìkan ni Ìlọrin jọ ilé lójú mi.

Nígbà tó yá, abẹ tí máṣíìnì wọn fi ń fá irin kú, ilé iṣẹ́ ò sì tètè ra tuntun. Iná pupa bẹ̀rẹ̀ sí í tàn sí iṣẹ́ wọn lára. Irin tó bá yege nìkan ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún wọn, ìyàwó wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n bẹ̀ mí kí n ṣí ètò náà fún àwọn, kí àwọn sún un díẹ̀. Mo ní kò ṣeé ṣe. Èmi àbúrò, mo dúró gbọnin níwájú ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kò ṣeé ṣe. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo ti di ọ̀gá.

Láti ìgbà náà, iná pupa ò tàn sí iṣẹ́ wọn mọ́. Mo rò pé wọ́n ti rí abẹ tuntun ni, inú mi tilẹ̀ dùn. Àfi bí oníkẹ̀kẹ́ kan ṣe dé ilé iṣẹ́ wa tòun ti apá dídì, tó gbé irin kan sínú ọ̀rá. Ó ní nítòsí Posọ́fíìsì lòun ti tẹ búréèkì, kẹ̀kẹ́ ò dúró, ó lọ sọrí mọ́ ìdí ọkọ̀ akẹ́rù. Ọlọ́run ló yọ àwọn tó gbé. A wọn irin náà, inú rẹ̀ fẹ̀ jù. A ṣí ètò ìwọ̀n wò, òǹkà ti yí.

Máníjà ní ẹni tó ṣe é kò fipá ṣí i, ọ̀rọ̀ àṣírí gan-an ló tẹ̀. Wọ́n bi mí pé ta ló tún mọ̀ ọ́n. Mo ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe ń wí i lẹ́nu ni mo rántí pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ orúkọ yẹn ní gbogbo Ìlọrin.

Mo bi wọ́n nílé. Wọn ò jiyàn. Wọ́n ní àwọn rí ọwọ́ mi níbi tí mo ti tẹ lẹ́tà bíi mélòó kan, ìyókù sì yé àwọn. Wọ́n ní orúkọ àwọn ni mo fi ti ilẹ̀kùn, ṣé èèyàn tún máa ń tọrọ àyè kó tó wọ yàrá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀? Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń wí i. Nígbà tí wọ́n rí ojú mi, ẹ̀rín náà tán. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún mi, Ìyá. Agùntáṣọọ́lò dọ̀bálẹ̀ fún èmi tí wọ́n máa ń gbé kọ́rùn lọ sóko.

Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Àwọn irin náà ti jáde, wọ́n ti wà lábẹ́ kẹ̀kẹ́ kiri ìlú títí dé Màlété níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè sọ ìgbà tí òǹkà yí àti àwọn irin tó bá a lọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ sọ ọ́ fúnra wọn. Wọ́n ní bí àwọn bá sọ ọ́, ojú wo ni àwọn máa gbé dé iwájú Bàbá? Mo bá lọ wí i. Máníjà pè wọ́n, wọ́n jẹ́wọ́, wọ́n sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ yẹn náà sì ni ilé iṣẹ́ lé wọn. A rí àwọn irin kan gbà padà. Àwọn tó kù, a ò mọ ibi tí wọ́n wà.

Nísinsìnyí a ti ti ètò náà débi tí ẹnikẹ́ni ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bọ́tìnnì méjì péré ló wà níwájú onímáṣíìnì, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti èyí tó ń dá a dúró. Èmi àti máníjà gbọ́dọ̀ fi ìka tẹ̀ ẹ́ pa pọ̀ kó tó ṣí. Wọ́n yìn mí fún un. Bí mo bá wọlé báyìí, àwọn onímáṣíìnì á kẹ̀yìn sí mi. Mi ò lè wọ kẹ̀kẹ́ mọ́, ẹsẹ̀ ni mò ń fi rìn nínú oòrùn Ìlọrin yìí, bí kẹ̀kẹ́ bá sì ti sáré kọjá lára mi, mo máa ń yíjú wò ó bóyá yóò dúró. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Tèmi ò dùn, mi ò sì rí ilé lọ.

Ìgbà tí ẹ gbé fóònù gbẹ̀yìn, ẹ ní ọmọ méjì lẹ ní sí Ìlọrin, ọ̀kan ti padà wálé, ẹ ò sì mọ ẹni tó ṣẹ́kù síbẹ̀. Mi ò bá yín jiyàn. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, mo mọ̀ pé n ó tún wí i, ohun tó sì ń pa mí lẹ́kún nìyẹn.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ má sọ fún Ìyá Àgbà pé àṣìṣe ni, ẹ má sì ní wọ́n tì mí ni. Ojú mi là sílẹ̀ nígbà tí mo wí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú sí èmi nìkan, kí ẹ̀yin méjèèjì lè máa bu ọbẹ̀ fún ara yín. Bí wọ́n bá ní àfi kí ẹ ṣépè fún mi kí ìjà tó tán, ẹ ṣẹ́ ẹ, Ìyá. Ẹ ṣẹ́ ẹ sókè kí wọ́n gbọ́. Èmi á ṣe àmín sí i láti ibí.

Kí Ọlọ́run fún Bàbá ní ẹ̀mí gígùn. Kó dá ọmọ tuntun ẹ̀gbọ́n mi sí, kó sì ṣílẹ̀kùn mìíràn fún bàbá rẹ̀. Kó má jẹ́ kí omi ojú yín dà sílẹ̀ nítorí mi mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtẹni tó bá dáhùn àtẹni tí kò bá dáhùn.

Èmi ni, ọmọ yín, ẹni tó ṣẹ́kù sí Ìlọrin,
Múfútáù.