Ìwé Mẹ́tàdínlógójì Inú Àpótí Yín

Bàbá mi àtàtà, kápẹ́ńtà tó mọ igi ju ẹni tó gbìn ín lọ,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé wọn kì í gba lẹ́tà níbi tí ẹ wà, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mọ́ mi nínú láti àná, bí n kò bá sì sọ ọ́ fún yín, n kò mọ ẹni tí n bá tún sọ ọ́ fún. Ìyá ti lọ sí Gbági, wọ́n ń ta òwú àti bọ́tìnnì wọn. Èmi nìkan ni mo wà nílé ní Pópó Yemọja, mo jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó sí mu ẹ̀kọ gbígbóná yín láàárọ̀. Rárá, mo purọ́. Ẹ kì í jókòó mu ún. Ìdúró ni ẹ máa ń wà, pẹ́ńsù á wà létí yín, ẹ ó máa fẹ́ ẹ kíkankíkan bí ẹni pé ilé kan ń jó ní Bẹẹrẹ, tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń dúró dè.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún nìyí: mo ti ka àwọn ìwé inú àpótí yín tán.

Bóyá ikú máa ń múni gbàgbé, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Ọdún tí a gba òmìnira ni, tí àwọn òyìnbó ìjọba ń kó ẹrù wọn lọ sílé. Ẹ lọ síbi gbàǹjo kan ní Agodi. Àwọn ẹlòmíràn ra àga onítìmùtìmù, wọ́n ra aago, wọ́n ra ibùsùn onírin. Ẹ̀yin ra àpótí. Ọmọlanke ló gbé e dé, ọkùnrin mẹ́rin ló sọ ọ́ kalẹ̀, gbogbo agboolé sì jáde wá wòran. Nígbà tí ẹ ṣí i, ìwé ló kún inú rẹ̀ bámúbámú, ìwé òyìnbó látòkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin kò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà. Ìyá káwọ́ lérí. Ẹ fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, ẹ ní igi ni ẹ rà, pé ìrókò gidi ni, pé ìwé kàn bá a wá ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè yín ní Ọ̀mọ̀wé Onígi. Ẹ sì máa ń dáhùn, ẹ ó tún máa rẹ́rìn-ín.

Pírámárì Síìsì ni mo wà lọ́dún yẹn. Ẹ̀yin àti Ìyá ń fà á mọ́ra yín lọ́wọ́ nítorí mi. Ẹ fẹ́ kí n lọ sí ilé-ìwé mọ́dà tó tẹ̀ lé pírámárì, Ìyá ní Síìsì ti pọ̀ jù fún ẹni tó máa ta òwú. Ìyá ló borí. Ìgbà wo ni Ìyá kò borí?

Ohun kan ló ya gbogbo wa lẹ́nu. Bí ìrókò yín ṣe dára tó, ẹ kò tú u. Ní ọjọọjọ́ Jímọ̀, kí ẹ tó lọ sí mọ́ṣáláṣí, ẹ ó ṣí i, ẹ ó fi àkísà nu àwọn ìwé tó wà lókè, ẹ ó tún pa á dé. Ọjọ́ kan wà tí ẹ mú ọ̀kan jáde, tí ẹ ní kí n kà á sí yín létí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń pè mí níta. Mo ní gírámà ńlá ló wà nínú rẹ̀, kò lè yé yín. Ẹ kò bá mi wí. Ẹ fọwọ́ nu ẹ̀yìn ìwé náà, ẹ dá a padà síbi tó wà. Bàbá, èmi náà wà lára àwọn tó ń fi Ọ̀mọ̀wé Onígi rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí ẹ ti kú ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń gún mi lọ́kàn.

Nígbà tó di Iléyá èṣí, Ìyá ní àwọn fẹ́ kan káńtà tuntun sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ìrókò kì í ṣe nǹkan tí à ń fi pamọ́, kí àpótí ọkọ àwọn dìde wá ṣiṣẹ́. Ẹlẹ́pà kan ní Ọjà'ba ti gbà láti kó ìwé inú rẹ̀, kó máa fi di ẹ̀pà. N kò mọ ìgbà tí mo la ẹnu.

“Ìyá, ẹ má tà á. Mo máa kà á.”

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀.”

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. “Ọmọ Ọ̀mọ̀wé Onígi! Ó dáa. Láti Iléyá yìí dé Iléyá tó ń bọ̀. Èyí tóo bá kà, tóo ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, tó yé mi, tìẹ ni. Èyí tóo bá fò, ẹlẹ́pà ló ni ín. Má wulẹ̀ wá bẹ̀ mí o.”

Mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n. Mo bá ara mi dá májẹ̀mú pé bí wọ́n ṣe tò lé ara wọn ni n ó ṣe máa mú wọn, n kò ní máa ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹran nínú ọbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní tàn yín jẹ. Bí mo bá kùnà, ìwé yín á di ti ẹ̀pà, orúkọ tí wọ́n sọ yín á sì di òótọ́ láéláé.

Èyí tó wà lókè pátápátá, àìsàn ẹṣin ló dá lé lórí. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi kà á. N kò ní ẹṣin, n kò sì mọ ẹni tó ní ẹṣin, àmọ́ bí ẹ bá pàdé ẹṣin tí inú ń run lọ́run níbẹ̀, ẹ ránṣẹ́ sí mi. Èkejì, bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì. Ìyá fara balẹ̀ gbọ́ títí a fi dé ibi ẹyin méjìlá, wọ́n ní kí n padà sẹ́yìn, bóyá mo ṣì í kà. N kò ṣì í. Wọ́n ní abájọ tí àwọn òyìnbó fi palẹ̀ mọ́, ẹyin ló tán. Ọ̀kan sọ̀rọ̀ oyin, ọ̀kan sọ̀rọ̀ ìràwọ̀, ọ̀kan jẹ́ ti obìnrin kan tó gun ràkúnmí la aṣálẹ̀ kọjá, tó ń ráhùn omi láti ojú ewé kìíní dé ìparí. Ìyá kórìíra obìnrin yẹn. Wọ́n ní ta ló rán an níṣẹ́.

Ìwé afárá ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ìṣirò àti ilà ló kún inú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e jù sílẹ̀. Nígbẹ̀yìn mo gbé e lọ sí Bẹẹrẹ, mo lọ bá Bàbá Rábíù, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń gé igi. Wọn kò lè ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, àwòrán ni wọ́n wò. Wọ́n fi pákó kan lé orí òkúta méjì, wọ́n fi í lélẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n ní kí n gun orí rẹ̀. Ó tẹ̀ kọdọrọ. Wọ́n wá dá pákó kan náà dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fọwọ́ dì í mú, wọ́n ní kí n tún gùn ún. Kò mira rárá.

“Bàbá ẹ ló fi eléyìí hàn mí,” ni Bàbá Rábíù wí. “Mo ti fọ́ pákó tó mẹ́wàá kó tó wọ̀ mí lórí.”

Ojú ewé mẹ́fà ni òyìnbó yẹn fi ń sọ ohun tí ẹ ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́! Mo jókòó sínú ìyẹ̀fun igi níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, inú mi sì tún bàjẹ́ díẹ̀. Kí ló dé tí n kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ wà láyé?

Ìwé kọkànlélógún ló yí Ìyá padà. Wọ́n pa bàbá olówó kan nínú ilé rẹ̀, ọlọ́pàá kan sì ń wá ẹni tó ṣe é. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, nígbà tí ọjà bá dákẹ́. Nígbà tó yá, oníbàárà dé, Ìyá kò gbọ́. Ó béèrè òwú funfun, Ìyá na dúdú sí i.

“Ta ló pa á?”

“Mi ò tíì débẹ̀, Ìyá.”

“Ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ wò.”

“Mi ò gbọdọ̀ fo ojú ewé kankan. Ẹ̀yin lẹ ṣòfin.”

“Èmi tí mo ṣòfin náà ni mo ní kóo fò ó!”

Mo kọ̀. Bàbá, mo kọ̀ fún Ìyá, mo sì wà láàyè. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi palẹ̀ ọjà mọ́. Lọ́jọ́ kejì a rí i pé dókítà bàbá olówó náà ló pa á. Ìyá ní àwọn ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Irọ́ gbuu! Kúùkù ilé olówó yẹn ni wọ́n ti ń ṣépè fún láti ọjọ́ ìṣáájú. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ń béèrè bóyá mo ti fi ìwé sínú apẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin ṣì jẹ́ òfin. Ọ̀kan wà tí lẹ́tà rẹ̀ jọ ti gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì ṣeé pè. Mo wé gèlè mi dáadáa, mo gun Òkè Padre lọ bá Fadá arúgbó kan. Ọmọ Mùsùlùmí lọ́dọ̀ Fadá! Ẹ má bínú, ìwé ló gbé mi débẹ̀. Fadá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Èdè Faransé ni, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ajá ọdẹ ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, mo sì sáré wá sọ ọ́ fún Ìyá.

“Ta ló kà á?”

“Fadá ni.”

“Kí Fadá wá gba ìwé ẹ̀, tó bá jẹ́ tiẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ajá ṣe lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́pà. Lọ́jọ́ kẹta mo ra ẹ̀pà ní Ọjà'ba, àwòrán ajá ni wọ́n fi dì í fún mi. Mo jẹ ẹ̀pà, mo tọ́jú ajá. Òun nìkan ló bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nínú mẹ́tàdínlógójì.

Ìwé tó kẹ́yìn, ti òdòdó ni, kò nípọn ju ìka mi lọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Iléyá dé tí mo parí rẹ̀. Mo to gbogbo wọn jọ sórí ẹní. Mo wá fi ẹsẹ̀ ti àpótí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè gbálẹ̀, ó sì yọ̀ bọ̀rọ́ lọ sí ìdí ògiri. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé. N kò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àná ni Bàbá Rábíù gbé ayùn wọn dé láti wá tú ìrókò fún káńtà Ìyá. Wọ́n kan ẹ̀gbẹ́ àpótí náà. Wọ́n tún un kàn. Wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n ha ọ̀dà ara rẹ̀ díẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì wọ́n níkùn.

“Ìyàwó wa, ta ló sọ fún yín pé ìrókò rèé?”

“Ọkọ mi ni.”

“Arère ni. Arère fífúyẹ́ tí kòkòrò ti jẹ dé ìdajì, tí wọ́n wá fi ọ̀dà bò lára. Kò tiẹ̀ ṣeé kan ilé adìyẹ.”

Ìyá pòṣé. “Òyìnbó yẹn rẹ́ wọn jẹ nìyẹn.”

“Rẹ́ ta ni jẹ? Ọkọ yín tó jẹ́ pé bó bá dijú, tó gbóòórùn igi lásán, á dárúkọ ẹ̀ fún yín? Ẹ gbọ́, ìyàwó wa. Kì í ṣe igi ló rà.”

Ìyá jókòó. Wọ́n wo àwọn ìwé orí ẹní, wọ́n wò mí.

“Èmi ni wọ́n ń sá fún,” ni Ìyá wí. “Wọ́n mọ̀ pé táwọn bá fi lè sọ pé ìwé làwọn rà fún ẹ, mi ò ní jẹ́ kó wọlé.” Wọ́n wá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi etí ìró nu ojú. “Àjàní ọkọ mi! Ẹ fi igi bojú, ẹ kó ìwé wọlé tì mí!”

Èmi sunkún, àmọ́ ayọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ gbà kí gbogbo agboolé máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí ẹ fi kú, nítorí tèmi. Kí ló dé tí ẹ kò yọ́ ọ sọ fún èmi nìkan? Àbí ọjọ́ tí ẹ ní kí n kà á sí yín létí lẹ fẹ́ sọ ọ́? Èwo ni ẹ mú lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà? Mo ti gbìyànjú títí, n kò rántí. Ẹ dárí jì mí. Mo nífẹ̀ẹ́ yín ju bí mo ṣe mọ̀ nígbà yẹn lọ.

Bàbá Rábíù béèrè ohun tí àwọn yóò fi àpótí ṣe. Ìyá ní kí wọ́n fọ́ ọ, a ó fi dáná ẹran Iléyá. Wọ́n ní kí wọ́n lọ bá àwọn wá ìrókò, èyí tí kò ní irọ́ nínú, kí wọ́n fi kan pẹpẹ ìwé.

“Káńtà ń kọ́?”

“Káńtà á dúró.”

“Ìpele mélòó lẹ fẹ́?”

“Mẹ́fà.”

“Mẹ́fà kẹ̀? Ìwé mẹ́rìndínlógójì yìí ò lè kún méjì.”

Ìyá na ẹsẹ̀ wọn, wọ́n tún gèlè wọn wé.

“Bàbá Rábíù, ta ló sọ fún yín pé ọmọ yẹn ti kàwé tán?”

Ìyá ló sọ bẹ́ẹ̀ o, Bàbá. Ẹnu àwọn fúnra wọn ló ti jáde.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí àlùjánńà, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n ju gbogbo wa lọ.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó ṣì ń kàwé lọ́wọ́.