Ihò Mẹ́sàn-án Tí Mo Bá Ọ Lù

Ọmọ mi àtàtà, ọmọ tí ara rẹ̀ máa ń dúró jẹ́ẹ́ bí omi inú àwo,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo sì kí ọ kú afẹ́fẹ́ ìbọn tí ẹ ń fowó rà nílùú tí o wà. Iṣẹ́ kò ní pa ọ́, ilé tí o háyà kò ní lé ọ jáde, ẹsẹ̀ tí o bá gbé kò ní tàsé. Bí o bá ń bèèrè wa, àlàáfíà la wà, àfi orúnkún ìyá rẹ tó ń dún bí ilẹ̀kùn ìsọ̀ mi. A ti fi òróró sí méjèèjì, ilẹ̀kùn nìkan ló gbọ́. Má jẹ́ kí ẹsẹ̀ tí o rí lẹ́yìn bébà yìí dẹ́rù bà ọ́. Ẹsẹ̀ fọgánáísà ni. Mo ti fi bébà náà wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ fún bàtà tuntun kó tó yí ọkàn padà pé èyí tó wà lẹ́sẹ̀ òun ṣì lè rìn díẹ̀ sí i, n kò sì rí ìdí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi dá gba odidi bébà kan lọ́wọ́ mi.

Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ dé. A rí ọ nínú ẹ̀wù aláwọ tó le gbagidi yẹn, o gbé ìbọn afẹ́fẹ́ tí o fi ń díje lé èjìká, o fi nǹkan funfun bo ojú kan. Ìyá rẹ ní kí òun wò ọ́ dáadáa, ó fọwọ́ kan ojú rẹ, àwòrán bá tóbi. Ó tún fọwọ́ kàn án, ó tún tóbi. Nígbà tó fi máa ṣíwọ́, ojú kan ṣoṣo ló kù nínú fóònù, ojú tí o fi ń wo ibi tí ìbọn ń lọ, a kò sì mọ bí a ṣe lè pe imú àti ẹnu rẹ padà. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi ní kí a pa fóònù náà kí a tún un tàn, ìyá rẹ ní ta ló máa pa ojú ọmọ òun. Báyìí la ṣe ń gbé pẹ̀lú ojú náà. Àràárọ̀ ló ń kí i. Ó ní ó jọ pé ó ń rí òun. Èmi náà, bí mo bá ń kọjá níwájú rẹ̀, mo máa ń tún ọrùn ẹ̀wù mi ṣe.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù yẹn, mo ti ń bá awọ ṣiṣẹ́ kí a tó bí ọ, n kò rí awọ tó kọ̀ láti tẹ̀ báyìí rí. O ní bẹ́ẹ̀ ni ẹ fẹ́ ẹ, pé ó ń gbé ẹ̀yìn ró bí ẹ bá ń yìnbọn. Bàtà rẹ ńkọ́, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ le bí pákó, tó jẹ́ pé bí o bá ń fi rìn, o máa ń dà bí pẹ́pẹ́yẹ tó gbọ́ ìròyìn búburú. Nígbà tí o wá lo ìsinmi nílé, mo mú un lọ́jọ́ kan tí o jáde, mo ti gbé ọ̀bẹ lé e kí n pààrọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ náà sí èyí tó rọ̀, kí inú rẹ kàn dùn lójijì. Ìyá rẹ bèèrè bóyá o ráhùn. Mo ní kì í ṣe gbogbo ẹni tí bàtà ń pa ló ń sọ̀rọ̀. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi.

Afẹ́fẹ́ rẹ ṣì ń ya àdúgbò lẹ́nu. Fọgánáísà rí ọ níjọ́ tí o ń fi páǹpù fún afẹ́fẹ́ sínú agolo ìbọn náà tí òógùn bò ọ́, ó ní kí o gbé e wá, pé táyà tírélà gan-an kì í pẹ́ lọ́wọ́ òun. O rẹ́rìn-ín, o ní omi wà nínú afẹ́fẹ́ tirẹ̀, omi á sì ba ìbọn jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ fọgánáísà lára. Látìgbà náà, kó tó fún táyà, á kọ́kọ́ na ọwọ́ sẹ́nu rọ́bà, á wá máa wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bóyá ó tutù. Onígbàjámọ̀ ní tirẹ̀ bèèrè pé irú ìbọn wo lèyí tí kò lè pa eku, tí kò lè lé olè, tó jẹ́ pé bébà nìkan ló ń bá jà, kí tiẹ̀ ni bébà ṣe fún ọ. Mo ní ìwọ tí o ń fi abẹ lé irun tó máa tún hù, ta lo ti ṣẹ́gun. Ó padà lọ pọ́n abẹ rẹ̀.

Àmọ́ n kò ní purọ́ fún ọ. Láti ìrọ̀lẹ́ tí o gbé ìbọn náà lé mi lọ́wọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ìsọ̀, ara mi kò tíì wálẹ̀ tán. Oòrùn ń gba ihò pákó wọlé, eruku awọ ń léfòó nínú rẹ̀ bí ẹni tí kò ní ibì kan tó ń lọ. Bébà rẹ wà lọ́hùn-ún lára ògiri, òbìrìkìtì dúdú àárín rẹ̀ kò ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ lójú mi. O ní kí n má fa nǹkan kan, kí n mí síta, kí n dúró níbi tí èémí kan ti parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, kí n kàn máa rò ó. N kò mọ̀ pé àyè wà níbẹ̀. Pẹ̀lú ọjọ́ orí mi, mo ti ń mí wọlé mo ń mí síta bí ẹni tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé kan lójoojúmọ́, tí kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọwọ́ mi tó máa ń gbọ̀n dúró. Mo rò ó, ìbọn náà ní tíì, bí ẹni tó tu kóró ọsàn jáde lẹ́nu. N kò mọ ibi tí ọta náà gbà, n kò sì bèèrè. Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, àyè kékeré tó wà láàrin èémí méjì yẹn ni mo máa ń lọ, òwú á sì wọlé fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ bá mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo gbé ìgbálẹ̀ onígi gígùn lé èjìká tí mo di ojú kan. Ó gba ìgbálẹ̀ náà, ó gbálẹ̀, ó dá a padà fún mi.

Jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ bébà, nítorí òun gan-an ló mú mi kọ̀wé. O ti ṣàlàyé fún wa pé ìdíje ńlá kan ń bọ̀, pé láti ìgbà tí o ti ń fi owó oṣù rẹ ra ọta lo ti ń retí rẹ̀, àti pé bébà tí kálukú bá yìn ni ẹgbẹ́ ayìnbọn yín máa fi yan àwọn tó máa lọ. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí o lè débi tí àwọn yòókù ti yin tiwọn, ni wọ́n bá gbà fún ọ pé kí o yìn ín nílé lójú ẹlẹ́rìí, ọta mẹ́wàá sínú bébà kan. Tíṣà tó kọ́ ọ nílé ìwé ló ṣe ẹlẹ́rìí, ó jókòó sórí àpótí, ó sì fọwọ́ sí i. Èmi wà nínú ìsọ̀, mò ń rán gìgísẹ̀ bàtà, mò ń gbọ́ ọ. Tíì. Á dákẹ́ pẹ́. Tíì. Títí mẹ́wàá fi pé. Bọ́ọ̀sì rẹ ti ń fọn fèrè lójú títì, o kó bébà náà sáàrin páálí méjì, o ní ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ máa wá gbà á, pé kí ẹnikẹ́ni má ká a, kí ẹnikẹ́ni má gbé nǹkan lé e. O kò sọ pé kí a má wò ó.

A wò ó. Ọmọ mi, ihò kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀.

Mo yí i padà, ihò kan náà ló wà lẹ́yìn. Àárín gbùngbùn ló wà, n kò ní fi ìyẹn dù ọ́, ó tiẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, mo ní bóyá ọta yẹn sanra. Ṣùgbọ́n mẹ́wàá ni mo gbọ́. Mo lọ bá ògiri, mo fọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò ní ọgbẹ́ kankan. Mo ṣí àpótí irin tí o gbé sẹ́yìn bébà, gbogbo ọta mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló wà níbẹ̀, wọ́n ti fẹ̀ pẹrẹsẹ bí èékánná. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé mẹ́sàn-án ti gba ẹ̀gbẹ́ bébà wọnú àpótí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ lọ bá ojú rẹ nínú fóònù, ó ní kó má sunkún.

Ta ni bàbá tó máa jẹ́ kí wọ́n gbé irú bébà bẹ́ẹ̀ lọ síwájú àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́? Bí oníbàárà bá gbé bẹ́líìtì oníhò kan wá, mo máa ń bá a lu ìyókù ni, n kì í bèèrè ẹni tó lu àkọ́kọ́. Mo mú irin tí mo fi ń lu ihò sí bẹ́líìtì, èyí tó kéré jù, mo tẹ́ bébà rẹ sórí awọ tó rọ̀, mo lọ sáàrin èémí méjì, mo lu mẹ́sàn-án. N kò kó wọn jọ sójú kan o. Mo tú wọn ká kó lè dùn ún wò, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, méjì sí apá ibi tó funfun jù, nítorí ó jọ pé ibẹ̀ dá wà. Ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi, ó ní ó dà bí ojú ọ̀run tí ìràwọ̀ wà nínú rẹ̀. Ara tù wá.

Ọkùnrin ẹgbẹ́ yín dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ tó wo awò ojú, tó ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń sùn. Ó kí wa, ó gba omi mu. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé bébà fún un. Ó wò ó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó ní ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ṣé ọmọ yín tí òun mọ̀ náà ló yin èyí. Mo ní kò sí ọmọ mìíràn nílé yìí tó ń bínú sí bébà. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní ó dun òun, pé pẹ̀lú irú èyí, orúkọ rẹ kò lè wọlé.

Mo ní ọ̀gá, ẹ má dá ọmọ lẹ́bi, ọ̀kan tó wà láàrin nìkan ni tirẹ̀, èmi bàbá rẹ̀ ni mo lu ìyókù, bí wọn kò bá dára tó, èmi ni kí ẹ bá wí. Ọkùnrin náà dìde, ó tún jókòó. Ó ní nínú òfin ẹgbẹ́, bébà tí ọwọ́ ẹlòmíràn bá ti lu, bébà náà ti kú. Ó ní báwo tiẹ̀ ni òun ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ti ọmọ àti èyí tó jẹ́ ti bàbá. Ìbéèrè yẹn bí mi nínú díẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi kì í fara sin, ṣùgbọ́n àlejò ni.

O mọ̀ pé n kì í da àjákù nù. Ohunkóhun tí irin mi bá gé kúrò, inú agolo pólíṣì ló ń wọ̀, ìbáà ṣe awọ, ìbáà ṣe rọ́bà, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ihò máa bèèrè lọ́la. Mo gbé agolo náà wá. Bébà róbótó mẹ́sàn-án rẹ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìlà òbìrìkìtì wọn lára. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ nínú ìsọ̀ mi, ó tẹ́ bébà sórí àpótí, ó ń fi orí abẹ́rẹ́ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan padà sínú ihò wọn, tí ìlà á sì pàdé ìlà. Ọ̀sán rọra ń lọ, eruku ń léfòó. Fọgánáísà pa ẹ̀rọ rẹ̀ wá wò. Onígbàjámọ̀ fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú irun apá kan. Nígbà tí ìkẹsàn-án wọlé, bébà náà di odidi padà, àfi àárín. Kò sí nǹkan kan nínú agolo tó bá ibẹ̀ mu. Ó ní kí a bá òun pe Tíṣà.

Tíṣà dé, ó ní òun jókòó níbẹ̀, òun kà á, mẹ́wàá lo yìn, ojú kan náà ni gbogbo wọn sì gbà kọjá, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Ọmọ mi, mo kàn ń wo Tíṣà. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn rẹ láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ó lè pa irú irọ́ yẹn níwájú àlejò láìṣẹ́jú. Ọlọ́run á san án fún un. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni pé ọkùnrin ẹgbẹ́ gbà á gbọ́. Ó gbé bébà náà sókè sí oòrùn, ó ki irin kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn ihò bọ ihò àárín, ó yí i wò yíká, ó ní kí Tíṣà tún fọwọ́ sí i lẹ́yìn. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní Bàbá, ọ̀kan yìí tó. Ó ní kí a sọ fún ọ kí o máa di ẹrù ìdíje, ó sì bẹ̀ mí tọwọ́tẹsẹ̀ pé kí n má tún ràn ọ́ lọ́wọ́ mọ́. N kò rí ẹgbẹ́ tó láàánú báyìí rí, tí ènìyàn á tàsé lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án tí wọ́n á ní ó tó. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Bí owó bá wọlé, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti kú, òwú dúdú ń tán, ìyá rẹ fẹ́ ìpara orúnkún, kí o sì fi owó ọkọ̀ ẹni tó máa wá bá wa pe imú rẹ padà kún un. Má fi gba báǹkì o. Nígbà tó kọjá, wọ́n ní kí n tẹ àtàǹpàkò mọ́ ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà ní òun kò rí ìlà kankan níbẹ̀, pólíṣì ti jẹ ẹ́ tán. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ ní kí n lọ mú ìka mìíràn wá, mo ní níbo ni wọ́n ti ń tà á. Fi rán awakọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo tẹ́ awọ kan sílẹ̀, mo lu ihò kan, mo ní kí n lu ojú ibẹ̀ gan-an títí mẹ́wàá á fi pé. Mo lọ sáàrin èémí méjì. Ìkejì wọlé. Ìkẹta yà díẹ̀. Ìkẹrin lọ síbi tó wù ú. Nítòsí báyìí ni o, abẹ́ imú mi, pẹ̀lú irin tí mo ti ń lò kí o tó mọ ìrìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ pé irọ́ ni Tíṣà pa. Ṣùgbọ́n lánàá, mo dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, oòrùn gba ihò pákó wọlé, ó bọ́ sára ògiri níbi tí bébà rẹ wà tẹ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ róbótó kan, kò mira. Mo wò ó títí. Mo ní bí kì í bá ṣe irọ́ ńkọ́.

Má dá mi lóhùn nínú lẹ́tà. Bí ìdíje náà bá parí, wá sílé, kí o dúró níbi tí o dúró sí, kí n jókòó sórí àpótí Tíṣà, kí n fi etí ara mi gbọ́ mẹ́wàá, kí n sì fi ojú ara mi rí ọ̀kan.

Ọ̀nà rẹ á là. Ohun tí o bá dojú kọ kò ní yẹ̀ fún ọ. Níbi tí èémí kan ti parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, Ọlọ́run á máa bá ọ níbẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ. Ojú rẹ náà kí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
ṣúmékà.