Àpò Tí Ọmọ Mi Gbé Ṣeré

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Orúnkún Bàbá ti ń gbóògùn. Owó tó o fi ránṣẹ́ la fi rà á, o ṣeun. Iṣẹ́ aṣọ rírán ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kan wá ya fíìmù ní àdúgbò wa, lórí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé girama. Ìjọba ló gbéṣẹ́ fún wọn, àmọ́ owó ò tó, aṣọ ara ẹ̀ ni kálukú fi ṣeré. Ọmọ mi obìnrin ni wọ́n ní kó ṣe ọmọ tó sá nílé, ló bá di ẹrù sínú àpò.

Wọ́n ti yà á tán, wọ́n ti lọ. Ọmọ mi ò tíì tú àpò ẹ̀. Mo bi í, ó ní, "Màmá, wọ́n lè padà wá tún un yà." Ara ń fu mí. Nígbà tó lọ wẹ̀, mo yẹ àpò wò: súwẹ́tà ló wà nísàlẹ̀. Ooru ń pa wá níbí. Nínú ẹbí wa, ìwọ nìkan lò ń gbé lókè òkun, níbi òtútù.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀yìn rẹ. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ilé rẹ. Tó bá jẹ́ ìwọ lo ní kó máa bọ̀, tètè sọ fún mi. Súwẹ́tà yẹn ò nípọn tó. Mo fẹ́ rán kóòtù fún un.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.