Ìyá Mi, Ẹ Gbà Kí Wọ́n Fi Ẹ̀rọ Náà Sí Àyà Yín

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àárò ọmọ. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Múfú, tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín. Mo gbé e sínú ìwé ìròyìn kí àwọn ìyá mìíràn tó ń sá fún dókítà lè gbọ́ tiwọn níbẹ̀.

Òtútù ìlú òyìnbó níbí kò ṣeé fẹnu sọ. Ènìyàn lè lo ọ̀sẹ̀ kan kó má rí ẹni tí yóò kí i kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n ní ẹ ti kọ ẹ̀rọ kékeré tí dókítà Òṣogbo fẹ́ fi sí àyà yín kí ọkàn yín lè máa lù déédéé. Wọ́n ní ẹ bi dókítà léèrè bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe máa ránṣẹ́ sí i láti inú ẹran ara, nígbà tí fóònù pàápàá kì í rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì nínú yàrá yín n'Ílọ́bù. Ẹ ní tó bá dákẹ́ síbẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Mo rẹ́rìn-ín, nítorí iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn. Kọ̀ǹpútà la fi ń ṣírò bí iṣẹ́ tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń rán ṣe ń la ẹran, ọ̀rá àti egungun kọjá bọ́ síta.

Lóṣù tó kọjá, mo so ọ̀kan mọ́ àyà mi, mo fi àpò kan tí nǹkan bí ẹ̀kọ tútù wà nínú rẹ̀ bò ó. Iyọ̀ àti ṣúgà la fi pò ó, kó lè ṣe bí ẹran ara. Bí ìyá ọ̀gá mi, arúgbó, ṣe wọlé wá kí ọmọ rẹ̀, n kò mọ ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá náà rò pé mo dákú ni. Ọ̀gá mi ní tirẹ̀ ń wo kọ̀ǹpútà: bí àyà mi ṣe kanlẹ̀ báyìí, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń rán kò jáde mọ́. Gbogbo ènìyàn tí a ti yà sínú kọ̀ǹpútà ló dúró, tàbí tó jókòó, tàbí tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Kò sẹ́ni tó dọ̀bálẹ̀, kò sẹ́ni tó forí kanlẹ̀ kírun bíi tiyín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kó máa dọ̀bálẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín. Tẹ́ ẹ bá forí kanlẹ̀, iṣẹ́ tó ń rán sí dókítà lè dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò ní torí ìyẹn fi ọkàn yín sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti dìde, yóò tún máa ránṣẹ́ lọ.

Ẹ bá mi kí Àǹtí Síkírá nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìfọ́n, àti gbogbo ará ilé. Ọlọ́run yóò fún yín ní àlàáfíà àti ẹ̀mí gígùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà fún dókítà, nítorí ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún ìyá oníyàá tó. Ẹ jẹ́ kí n bá tèmi nílé.

Ọmọ yín,
Ráfíù