Ọ̀nà Tí Mo Ní Ó Ti Là

Nuru,

Kí n tó kí ọ, mo jẹ ọ́ ní gbèsè ọ̀rọ̀ kan, jẹ́ kí n san án. Fídíò tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ ní Ouaga lọ́jọ́ Àìkú, tí sójà kan ti ń sọ pé ọ̀nà Ouahigouya ti là, irọ́ ni. Mo gbà á padà. Má gbé páàtì moto kankan lọ síbẹ̀ ní Jímọ̀.

Ó yá, ṣé dáadáa ni? Hafeezah ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run á dá yín sí fún mi. Níbí ní Ìkọ̀yí-Ilé, a dúpẹ́, òjò ti bẹ̀rẹ̀, ewúrẹ́ mi sì bí ìbejì.

Má rò pé mi ò wádìí kí n tó fi fídíò yẹn ránṣẹ́ o. Ọmọ Mossi, onílẹ̀ yín lọ́hùn-ún, ni sójà náà, àmọ́ Yorùbá Ọ̀yọ́ ẹnu rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ, mo ní ẹni tó gbọ́ èdè wa tó báyìí kò lè purọ́ fún wa. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí i, mo bi í pé agboolé wo ló ti kọ́ ọ. Títí di òní, kò dáhùn, kò tilẹ̀ kí mi. Ó wọ ẹ̀wù tó nípọn sínú oòrùn Ouaga, kò sì làágùn. Àṣé ẹ̀rọ ló ṣe é, kì í ṣe ènìyàn.

Lánàá ni Agathe pè mí, aládùúgbò wa àtijọ́ ní Ouaga, tó ń ta àlùbọ́sà ní Tampouy. Mo béèrè iye tó ń tà á, bí ìṣe mi. Ó ní ó ti di ìlọ́po mẹ́ta. Mo ní kí ló dé, ṣebí Ouahigouya ni àlùbọ́sà yín ti ń wá, ọ̀nà sì ti là. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n bá òun bẹ sójà mi kó bá òun ru àpò méjì bọ̀, torí pé láti ọjọ́ mọ́kànlá, ọkọ̀ kan ò tíì ti ibẹ̀ wọlé.

Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ. Ṣé o rántí? Kó tó di ẹrù lọ sí Ouahigouya, á kọ́kọ́ pa rédíò, á gbé ọ sí èjìká, ẹ ó lọ wo àlùbọ́sà lọ́jà. Bó bá ti wọ́n, á mọ̀ pé ọ̀nà ti dí, ilé ló ń padà sí. Rédíò ìgbà náà ń purọ́, àmọ́ irọ́ jẹ́jẹ́ ni: omi ẹ̀rọ ń bọ̀ ní Tampouy lóṣù tó ń bọ̀. A ó rẹ́rìn-ín, a ó gbé garawa wa. Nígbà tí ogun kọ́kọ́ dé, rédíò ní kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ àwọn tó sá wá ti ń sùn sẹ́nu ọ̀nà wa. Nísinsìnyí, wọ́n ní ojoojúmọ́ ni àwọn sójà ń ṣẹ́gun. Ohun tó dùn mí jù ni pé irọ́ ayé ìgbà yẹn, inú rédíò ló ń gbé, bí o bá ti pa á, ó parí. Ti ìsinsìnyí, ọwọ́ ìyá ẹni ló ń gbà wọlé.

Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. O ní ṣebí èmi náà ni mo ní ọ̀nà ti là, o ní d'accord, ó dáa, Màámi, o pa fóònù. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Mo lẹ sítáǹbù mọ́ ọn kí n tó yà á, kí wọ́n má baà dá a dúró lọ́nà. Èyí tó ṣẹ́kù láyé bàbá rẹ ni, n kò ná kọ́bọ̀.

Owó ọkọ̀ tí o fẹ́ san fún awakọ̀, fi ránṣẹ́ sí mi. Bó bá wà lọ́wọ́ mi, kò lè gbé ọ lọ síbì kankan. Bí mo bá sì ná díẹ̀ níbẹ̀, oúnjẹ ewúrẹ́ ni.

Lọ́jọ́ tí ebi bá ń pa ọ̀nà, kí Ọlọ́run jẹ́ kó bá ọ nílé, níbi tí ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ ti ń jẹun.

Èmi ìyá rẹ,
Ròdíyátù

Ọjọ́bọ̀ ni mò ń retí ìdáhùn.