Báńkì Tó Gba Orúkọ Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ó di oṣù mẹ́rin tí ẹ ti padà lọ lẹ́yìn ìsìnkú ọkọ mi. Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ara tiwa náà le. Àbíkẹ́yìn mi ti ń sùn láìsunkún. Kíndìnrín Màmá kò burú sí i. Wọ́n ṣì ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Báńkì kékeré tó wà ní òdìkejì títì sí báńkì ńlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fẹ́ gbà mí síṣẹ́. Owó oṣù wọn ju tiwa lọ, wọ́n sì máa ń tètè ṣíwọ́. Ní báńkì ńlá tiwa, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó délé, ọ̀gá wa kò sì mọ̀ ju "Oníbàárà mélòó lo mú wá?" lọ. Àmọ́ ọkọ àti ọmọ òṣìṣẹ́ nìkan ni báńkì kékeré ń sanwó ọsibítù fún. Tiwa ló ń gba òbí mọ́ wọn, òun ló sì ń san owó ìfọ̀jẹ̀ Màmá.

Màmá ní, "Kọ orúkọ mi sí àyè ọkọ nínú fọ́ọ̀mù wọn. Ṣebí èmi náà ń hanrun!"

Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Àyè ọkọ ṣófo, ẹ̀gbọ́n mi, síbẹ̀ kò gba ìyá. Mo dà bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀, tó ń wo koríko tútù lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ti sọ fún báńkì kékeré pé n kò wá mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pe Màmá lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n ẹ má sọ èyí fún wọn. Wọ́n rò pé báńkì kékeré ni kò gbà mí. Ọlọ́run á pa yín mọ́ fún wa.

N ó máa bá iṣẹ́ báńkì ńlá lọ, níwọ̀n ìgbà tí Màmá bá ṣì ń gba ìtọ́jú.

Àbúrò yín.