Ìlà Kékeré Tó Wà Nísàlẹ̀ Ìwé

Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ilé Ẹlẹ́nu-ọ̀nà Méjì,
Ẹ̀yìn Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà tí a jọ lo tábìlì kan,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé orí tó máa ń fọ́ ìyàwó rẹ ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Ṣé àbígbẹ̀yìn yín ti ń sọ̀rọ̀ yanjú, àbí ó ṣì ń fọwọ́ júwe ohun tó bá fẹ́ bí ọlọ́pàá ojú pópó? Ẹ̀yìn rẹ tó ń dùn ọ́ látìgbà tí a ti jọ ń gbé bébà ńkọ́? Ara tèmi le, àfi ojú tó ń ta mí díẹ̀díẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe tuntun. Ìyá mi ní kí n kí ọ dáadáa. Wọ́n ní nínú gbogbo ọ̀rẹ́ tí mo mú wálé rí, ìwọ nìkan lo máa ń jẹun tán láìṣe àwáwí.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú èyí tí Ọ̀gá Kòséwu kọ sí ọ tí o fi sínú rẹ̀ pé kí n bá ọ kà. Mo ka méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì, mo sì dìde rìn yí yàrá ká. Ó ní òun ti di aláìní, pé ayé ti dojú rú mọ́ òun lọ́wọ́, pé kí o jọ̀wọ́ fi owó oṣù márùn-ún tí òun jẹ ọ́ ji òun nítorí Ọlọ́run. O ní àánú rẹ̀ ṣe ọ́ débi pé o ti mú bírò láti kọ̀wé pé o ti fi jì í. Jọ̀ọ́, dá bírò náà padà sápò. Ka tèmi tán ná.

Ìwọ náà rántí bó ṣe gba orúkọ yẹn. Bí a bá béèrè owó oṣù, á ní, "Kò séwu." Bí òrùlé bá ń jò sórí bébà tuntun, "Kò séwu." Ewu kò sí nínú ayé ọkùnrin náà lóòótọ́, torí orí ẹlòmíràn ló máa ń darí gbogbo rẹ̀ sí. Má sì bínú pé mò ń pè é ní "ó" bí ẹni ń pe ọmọdé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi pè é ní "wọ́n". Ọ̀wọ̀ náà ti tán nínú ìgò.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Abẹ́rẹ́ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí o fi ilé ìtẹ̀wé wa sílẹ̀, wọ́n ṣì ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń rán ìwé pọ̀, wọ́n ń gé etí rẹ̀ gún régé. Lẹ́yìn tí o lọ ni awọ funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú wọn méjèèjì. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ á mú un kúrò, kí wọ́n má sì jẹ́ kó pẹ́. Màmá, bí gbogbo wa ṣe ń pe Ìyá Abẹ́rẹ́, ní owó nílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi kó o jọ díẹ̀díẹ̀. Bí Ọ̀gá ṣe gbọ́ pé owó wà níbì kan, n kò mọ̀. Imú rẹ̀ kì í tàsé irú òórùn bẹ́ẹ̀. Ó lọ bá wọn nídìí ẹ̀rọ ìgébébà, ó ní bébà ti fẹ́ wọ́n lọ́jà, kí wọ́n yá òun fún oṣù mẹ́ta péré. Ó kọ ìwé gbèsè, ó fọwọ́ sí i.

Oṣù mẹ́ta di oṣù mẹ́wàá. Lóṣù karùn-ún ọdún tó kọjá, Màmá béèrè owó náà lójú gbogbo wa.

Ọ̀gá ní, "Màmá, kò séwu."

Màmá ní, "Ẹ̀yin ni kò séwu fún. Èmi ò rí ẹnu ọ̀nà mọ́."

Lóṣù kẹfà, agbẹjọ́rò kan, ọmọbìnrin tó ń bá àwọn tí kò lówó ṣẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kọ lẹ́tà sí Ọ̀gá. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tòṣì. N kò rí ẹni tí òṣì tètè mú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ̀ rẹ̀ di ti ìyàwó. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ẹ̀rọ ìgébébà di ti àbúrò ìyàwó, onígbàjámọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ṣì ń wá láràárọ̀, ó ń jókòó sórí àga kan náà, ó ń fi ẹnu kan náà jágbe mọ́ wa, ó sì ń ti owó oníbàárà sínú dúróà kan náà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó jẹ lówó bá dé, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì: "Kí ni mo ní? Òṣìṣẹ́ lásán lèmi náà níbí."

Èyí tó kàn yìí kò dùn mọ́ mi láti kọ, ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́, n kò yàtọ̀ sí i. Lóṣù kẹsàn-án, mo ń yẹ ìwé ìṣirò àwọn ọmọ ilé-ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, Ọ̀gá bá gbé bébà kan síwájú mi. Ó ti ṣẹ́ ẹ po, ibi ìfọwọ́sí nìkan ló hàn. Ó ní, "Alámì, bá mi fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni." Mo fọwọ́ sí i. Èmi tí ìwọ fúnra rẹ sọ ní Alámì torí pé mo máa ń dá ẹ̀rọ dúró nítorí àmì ohùn kan ṣoṣo. Mo ń ka ti gbogbo ayé; èyí tó gbé orúkọ tèmi, n kò kà á. Ìwé tí mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí kí n tó sùn ṣì wà níbí: "Mo bá Ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé kan lónìí. N kò bi í pé kí ni."

Lóṣù kọkànlá, ẹjọ́ dé kóòtù, bébà náà sì yọjú. Ìwé ẹ̀bùn ni. Ó ní Ọ̀gá fi gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ ta àbúrò ìyàwó lọ́rẹ "pẹ̀lú ìfẹ́", lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kìíní, ìyẹn oṣù mẹ́rin kí Màmá tó béèrè owó wọn lójú wa. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀ bí ẹlẹ́rìí.

O mọ̀ mí. Mo lọ sí ilé-ìkàwé lọ wá òfin náà kà. Kò ní kí èèyàn má ta ẹrù rẹ̀, kò ní kó má fi ta ẹbí lọ́rẹ. Ohun tó kọ̀ ni kí onígbèsè kó ẹrù rẹ̀ sábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn kí ẹni tó jẹ lówó má baà rí nǹkan gbà. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, adájọ́ lè fa ẹ̀bùn náà ya. Òfin náà ti gbó ju ilé-ẹjọ́ tí wọ́n ti ń lò ó lọ. Ìyẹn gan-an ló kó ìrònú bá mi. Bí òfin bá ti pẹ́ tó yìí, a jẹ́ pé ó pẹ́ tí irú Ọ̀gá ti wà láyé, òfin náà kò sì tíì kó ìtìjú bá wọn. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Èmi a máa béèrè pé ta ni yóò san owó ogún ọdún náà.

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, Ọ̀gá wọ sálúbàtà tó ti já, wọ́n fi okùn so ó. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun rọ́múrọ́mú, ẹsẹ̀ tí kì í jáde nínú ìbọ̀sẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Agbẹjọ́rò Màmá bi í pé ẹ̀rọ mélòó ló ní.

"Wọ́n pọ̀ díẹ̀."

"Ẹ bá wa tọ́ka ibi tí bébà ń gbà wọlé nínú wọn."

"Òkè ni. Tàbí ẹ̀gbẹ́."

"Báwo lẹ ṣe máa ń tan ẹ̀rọ yín?"

"Èmi kì í tàn án. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń tàn án."

Kóòtù rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wo ilẹ̀.

Wọ́n pe èmi náà. Mo ní oṣù kẹsàn-án ni mo fọwọ́ sí i, kì í ṣe oṣù kìíní. Agbẹjọ́rò Ọ̀gá bi mí pé ẹ̀rí wo ni mo ní. Mo ní ìwé tí mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ sí.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ẹni tẹ́ ẹ ń jẹ́rìí ta kò yìí, ṣé ó jẹ yín lówó oṣù?"

"Ó jẹ mí. Oṣù mẹ́rin."

Kò bi mí ní nǹkan mọ́. Ó kàn rẹ́rìn-ín sí adájọ́, ó jókòó. Mo sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí òjò pa. Mo rò pé owó Màmá ti bá omi lọ, ojú wọn sì ti bá a lọ.

Màmá wá fa aṣọ agbẹjọ́rò wọn. Wọn kò mọ̀ pé ohùn àwọn lọ sókè, gbogbo wa la gbọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, irú bébà wo ni wọ́n fi kọ ọ́?"

"Fọ́ọ̀mù àdéhùn ni, Màmá. Irú èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé."

"Àwa la máa ń tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo máa ń gé e. Ẹ bá mi wo ìsàlẹ̀ rẹ̀."

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tí o máa ń to lẹ́tà fún ìtẹ̀wé á ti mọ ohun tó kàn. Òfin tí Ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, látọjọ́ tí oníbàárà kan ti bá a jiyàn: iṣẹ́ yòówù tí a bá tẹ̀, ìlà kékeré gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń sọ nọ́ńbà iṣẹ́, iye ẹ̀dà, oṣù àti ọdún. Ẹni tó bá gé e dànù á san án nínú owó oṣù. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Màmá fi gé etí ìwé láìjẹ́ kí abẹ kan ìlà yẹn, kódà nígbà tí ojú wọn ti bò, tí wọ́n ń fi ọwọ́ wọn etí bébà. Èmi tí mo lójú, mo wo bébà náà ní kóòtù, orúkọ mi nìkan ni mò ń wò.

Akọ̀wé kóòtù gbé e sún mọ́ ojú, ó kà á: ẹgbẹ̀rún méjì ẹ̀dà, oṣù kẹjọ, ọdún tó kọjá.

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣàlàyé fún mi. Báwo lẹ ṣe kọ ọ̀rọ̀ oṣù kìíní sórí bébà tẹ́ ẹ kò tíì tẹ̀ títí di oṣù kẹjọ?"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í tún okùn sálúbàtà rẹ̀ so. Láti ẹ̀yìn, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ńlá níbi iṣẹ́ wa dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Kò séwu, Ọ̀gá." Adájọ́ ní òun máa lé e jáde, ṣùgbọ́n áńkáṣíìfù ló fi bo ẹnu sọ ọ́.

Ìdájọ́ jáde lóṣù kìíní: kí a ka ẹ̀bùn náà sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Kóòtù kó àwọn ẹ̀rọ, wọ́n gbé wọn sí gbàǹjo, wọ́n san owó Màmá. Àwa mẹ́fà kò níṣẹ́ báyìí. Ẹni tó sọ "kò séwu" yẹn náà wá bá mi pé a ti pa adìẹ tó ń yé ẹyin. Mo bi í pé ta ló ń jẹ ẹyin náà. Síbẹ̀, mo ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí, n kò sì lè fi gbogbo ẹnu sọ pé irọ́ ló pa.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Màmá lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ojú òsì là. Dókítà ní ọ̀tún ti pẹ́ jù, ká ní wọ́n tètè wá ni. Òfin rí ẹ̀rọ mẹ́rin gbà padà lọ́wọ́ onígbàjámọ̀. Adájọ́ wo ló máa gba ojú ọ̀tún padà?

Ó ku ọ̀rọ̀ tìrẹ. Kóòtù lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kí gbogbo ẹni tí Ọ̀gá jẹ lówó mú ẹ̀rí wá kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Èyí tó bá ṣẹ́kù lára owó ẹ̀rọ lẹ́yìn ìyẹn, ti Ọ̀gá ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìdí tí omijé rẹ̀ fi wọkọ̀ wá bá ọ nìyẹn.

Mo mú lẹ́tà rẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ lọ hàn Màmá lánàá. Mo fẹ́ kà á fún wọn, wọ́n ní kí n gbé e wá, àwọn náà ti lójú. Wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ ra orí bébà náà. Wọ́n ní, "Sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gé èyí. Ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gé ni." Orúkọ ilé iṣẹ́ kan ti wà lókè rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Wọ́n wá gbé e sún mọ́ ojú òsì, wọ́n lọ sí ìsàlẹ̀ tààrà, wọ́n kà á fún mi lẹ́yọ lẹ́yọ: iṣẹ́ nọ́ńbà kìíní, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹ̀dà, oṣù kejì, ọdún yìí.

Aláìní wa ti ní ilé ìtẹ̀wé tuntun, ọ̀rẹ́ mi. Orúkọ ẹni tó fi pamọ́ sí ni n kò tíì mọ̀. Ó rántí gé orí, ó gbàgbé ìdí.

Agbẹjọ́rò Màmá ti gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ òní. Má bínú pé n kò ní lè dá a padà fún ọ. Fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ ránṣẹ́ kíákíá, kí o sì bá mi kí ìyàwó rẹ, àwọn ọmọ, àti ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń tún rédíò ṣe. Màmá ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó kàn ń gbà tó ìgbà mẹ́ta ni.

Èmi náà ni, tìrẹ láìyí padà,

Alámì.